Lẹ́tà Ẹlẹ́sẹ̀ Tí Bàbá Fi Okùn Dì

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó kọ́ mi níṣẹ́ ìtẹ̀wé kì í gbé ohùn sókè. Bí ilé bá ń jó, ohùn tó fi ń ní kí n bu omi wá fún òun náà ló máa fi sọ fún yín pé kí ẹ jáde. Àwọn oníbàárà ń pè é ní Bàbá Jẹ́jẹ́. Bàbá lásán ni èmi ń pè é. Òun ní tirẹ̀ sọ mí ní Aláriwo, nítorí pé láti ọjọ́ tí mo ti wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, lẹ́ni ọdún mẹ́rìnlélógún, ẹnu mi kò sinmi rí. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rò mí rere: ọjọ́ kan ṣoṣo tó yẹ kí ẹnu yìí ṣiṣẹ́, ọjọ́ náà gan-an ló kú mọ́ mi lọ́wọ́. Ọdún mẹ́sàn-án ni kò fi jí.

Yàrá méjì péré ni ṣọ́ọ̀bù wa. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà ní yàrá iwájú, irin dúdú kan tó ga tó èèyàn, tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Yàrá ẹ̀yìn ni a ń to bébà sí, ibẹ̀ náà la sì ti ń fi kẹrosíìnì fọ ọwọ́. Àpótí lẹ́tà wà láàárín méjèèjì, dírọ́ọ̀ pẹlẹbẹ mọ́kàndínlógún tí a pín inú wọn sí ojúlé kéékèèké, tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní ojúlé tirẹ̀. Òjé ni àwọn lẹ́tà náà. Ọwọ́ la fi ń ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó tò wọ́n sínú irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti ẹ̀yìn wá síwájú, bí ohun téèyàn ń wò nínú dígí, a ó fi tàdáwà pa wọ́n lójú, a ó sì tẹ̀ wọ́n mọ́ bébà. Àwọn èèyàn ní ayé ti kúrò níbẹ̀ yẹn, pé kọ̀ǹpútà ti dé. Bàbá ní kí kọ̀ǹpútà máa ṣe tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ìwé tó lè fọwọ́ pa, kó sì mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀, kó wá sọ́dọ̀ òun.

Dírọ́ọ̀ kan wà nínú mọ́kàndínlógún yẹn tó yàtọ̀. Lẹ́tà inú rẹ̀ sanra. Ìdúró wọn nípọn, ó dúdú, àmọ́ níbi tí wọ́n ti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, wọ́n tín-ín-rín wẹ́lẹ́. Wọ́n sì ní ẹsẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ìlà kékeré kan nà sọ́tùn-ún, ó nà sósì, bí ẹni tó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ tí kò sí ohun tó kàn án bí ẹ bá tì í. Orúkọ tí àwọn tó rọ ọ́ fún un wà lára páálí tó bá a wá, ṣùgbọ́n Bàbá kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Àgbà ló ń pè é.

Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ bí a ti ń kí àgbàlagbà ló ṣe kọ́ mi ní lẹ́tà yẹn.

“Àgbà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀,” ló máa ń wí. “Ọ̀rọ̀ mẹ́ta, mẹ́rin, ó parí. Tó o bá fi í to odindi ìwé, ta ló máa kà á? Àfi bíi pé wọ́n ń jágbe mọ́ èèyàn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.”

Ó ní orí ìwé ló wà fún, àti ohun tí a fẹ́ kí wọ́n rí láti òkèèrè: orúkọ ilé iṣẹ́, ẹnu ọ̀nà àbájáde, “Má fọwọ́ kàn án” lára àpótí iná. Ó ní kí n má ṣe fún un pọ̀, kí n jẹ́ kó nasẹ̀, nítorí pé ẹsẹ̀ ẹni méjì kì í gba orí àpótí kan. Kò fẹ́ kí wọ́n lò ó ní kékeré. Lẹ́tà tó bá ní ihò nínú, bí “e” àti “a”, tàdáwà á dí ihò náà, ojú wọn á fọ́, ìwé á wá kún fún afọ́jú. Ọkùnrin kan wá lọ́jọ́ kan tó ní kí a bá òun fi Àgbà tẹ ìwé tí òun fẹ́ fi bẹ ìyàwó òun tó ti kó jáde. Bàbá wò ó títí.

“Ọ̀gá mi,” ó ní, “ṣé ẹ fẹ́ bẹ̀ wọ́n ni, àbí ẹ fẹ́ mú wọn lọ sí kóòtù?”

Lẹ́tà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tó dà bí ìkọ̀wé ọwọ́ ló fi tẹ̀ ẹ́ fún un. Ìyàwó náà padà wálé, èmi sì fi Bàbá ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan pé àṣé babaláwo ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó máa ń tẹnu mọ́ jù nìyí: “Ohun tó ò bá lè dúró tì lójú gbogbo ayé, má fi Àgbà tẹ̀ ẹ́.” Ó sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò gbọ́ ọ mọ́.

Kò jẹ́ kí n lò ó rárá. Fún ọdún méje, gbogbo ìgbà tí mo bá béèrè, ó máa ní, “Ọwọ́ ẹ ò tíì balẹ̀.” Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí wọra. Mo ti mọ iṣẹ́ nígbà náà, mo ń to lẹ́tà yára jù ú lọ, ojú mi sì ríran jù ú lọ.

Láàárọ̀, bí aago mẹ́jọ bá ti ń lù, Ìyá Oníbúrẹ́dì á wọlé. Ilé mẹ́rin sí tiwa ni ààrò rẹ̀ wà. Opó ni, ìyàwó Bàbá náà ti kú tipẹ́. Búrẹ́dì kan tó ṣì gbóná ló máa ń gbé dání, nínú bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bàbá á sọ ọ̀bẹ kalẹ̀ lára ìṣó, á gé búrẹ́dì náà sí mẹ́ta ọgbọọgba: ti Ìyá Oníbúrẹ́dì, tirẹ̀, tèmi. Àwọn méjèèjì á wá bẹ̀rẹ̀ sí í fara wọn ṣẹ̀fẹ̀. Èmi náà á máa jẹ tèmi lọ, ẹnu mi kò ní dákẹ́ bó ṣe kún tó.

Mo rántí àárọ̀ ọjọ́ tí obìnrin náà kó ìdì bébà búrẹ́dì rẹ̀ kan wá.

“Bàbá Atẹ̀wé,” ó ní, “ẹ bá mi fi àwọn lẹ́tà yín tó sanra yẹn tẹ orúkọ búrẹ́dì mi síbí. Mo fẹ́ kí wọ́n máa rí i láti òdìkejì títì.”

Bàbá fi àtàǹpàkò àti ìka pa bébà náà. “Kò lè ṣeé ṣe, Màmá. Bébà yín fẹ́lẹ́ jù. Àgbà wúwo, á tẹ̀ ẹ́ títí ẹni tó wà lẹ́yìn á fi máa kà á. Tàdáwà á sì mu dé ara búrẹ́dì.”

“Ẹ jẹ́ ó mu. Wọ́n á ní búrẹ́dì mi kàwé.”

Bàbá rẹ́rìn-ín débi pé ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Kò gbà fún un ṣá. Lẹ́tà tẹ́ẹ́rẹ́ ló fi tẹ̀ ẹ́, obìnrin náà sì ń fi ṣe àwàdà káàkiri pé ọkùnrin tí òun fẹ́ fẹ́ ló kọ̀ láti jẹ́ kí òun pariwo ọjà òun. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé wọn yóò fẹ́ra. Ó ku oṣù méjì kí wọ́n lọ forúkọ sílẹ̀.

Ìgbà yẹn ni nọ́ọ̀sì onígíláàsì kan gbé iṣẹ́ wá láti ilé ìwòsàn tó wà ní ìparí àdúgbò, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ikọ́ ife. Bí wọ́n bá rí ẹnì kan tó ní àìsàn náà, wọ́n ní láti pe gbogbo ẹni tó bá a gbé ilé kan náà kí wọ́n wá ṣe àyẹ̀wò. Ìwé ìpè ni wọ́n fẹ́. Wọn kì í fi sí àpò ìwé. Ṣe ni a ó ká a sí méjì, a ó fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹnu rẹ̀, òjíṣẹ́ wọn á sì fi kẹ̀kẹ́ pín in.

“Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá,” nọ́ọ̀sì ní, “kó má pariwo o. Ọ̀rọ̀ àìsàn ni.”

Bàbá yíjú sí mi. Òun ń lọ ṣe àyẹ̀wò ojú lọ́jọ́ kejì, nítorí pé ojú náà ti ń ṣe bàìbàì. “Lẹ́tà wẹ́rẹ́, bébà nínípọn,” ó ní. “Ṣó o gbọ́?”

“Mo gbọ́, sà.”

Mo gbọ́ lóòótọ́. Mi ò gbà ni. Bébà nínípọn wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá ní yàrá ẹ̀yìn, ìdì mẹ́fà ló wà lórí rẹ̀, bébà fẹ́lẹ́ sì wà lókè níbi tọ́wọ́ ti lè tó o. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí n di ẹ̀bi ru ìdì bébà. Bí Bàbá ṣe jáde tán, Àgbà ni mo lọ fà yọ. Ọdún méje ni mo ti ń wò ó. Mo fẹ́ kí nọ́ọ̀sì rí i pé mo mọṣẹ́, kí ó béèrè ẹni tó ṣe é, kí Bàbá wá sọ pé èmi ni. Mo to ILÉ ÌTỌ́JÚ IKỌ́ IFE sórí ìwé náà, mo fún un láyè, mo jẹ́ kó nasẹ̀. Nígbà tí mo tẹ àkọ́kọ́, inú mi dùn débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Ó dúró ṣámúṣámú lórí bébà náà bí olórí ẹbí. Igba ni mo tẹ̀, mo ká wọn, mo lẹ̀ wọ́n, òjíṣẹ́ sì ti kó wọn lọ kí ọ̀sán tó pọ́n.

Mi ò yí ẹyọ kan wo ẹ̀yìn. Ohun tí wọ́n ń kọ́ ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ìtẹ̀wé ní ọjọ́ kìíní nìyẹn, kó tó mọ ibi tí wọ́n ń da omi nù sí pàápàá: yí i wo ẹ̀yìn. Àní ojú ń tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Bàbá dé nírọ̀lẹ́, omi oògùn kún ojú rẹ̀, kò ríran dáadáa.

“Iṣẹ́ ilé ìwòsàn ńkọ́?”

“Ó ti lọ, sà.”

“O ṣé. O kú iṣẹ́.”

Ẹnì kan nínú àwọn ayálégbé ilé tí Ìyá Oníbúrẹ́dì ń gbé ni wọ́n bá àìsàn lára rẹ̀. Ìwé ìpè ti Ìyá Oníbúrẹ́dì dé ní ọjọ́ kẹta. Obìnrin náà wà nídìí ààrò, òjíṣẹ́ sì fi ìwé sílẹ̀ fún un lórí kántà. Ọ̀gá tíṣà kan tó ń ra búrẹ́dì fún gbogbo iléèwé rẹ̀ ló ń dúró níbẹ̀. Kò ṣí ìwé náà o, ẹ má bú u. Àgbà ti tẹ bébà fẹ́lẹ́ náà títí ó fi yọ sẹ́yìn, dúdú àti wíwú. Ọ̀gá tíṣà kàn gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ni, ó kà á tán, ó sì rọra kó ọgbọ̀n búrẹ́dì tó ti gbà padà sórí kántà, ó jáde.

Kí aago méjìlá tó lù, gbogbo títì ti gbọ́ pé oníbúrẹ́dì ní ikọ́ ife. Ó lọ ṣe àyẹ̀wò, wọn kò rí nǹkan kan. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ mọ́ ju tèmi lọ. Ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn? Ọ̀rọ̀ ti di ẹyin tó bọ́ sílẹ̀. Iléèwé ní kó má gbé búrẹ́dì wá mọ́. Àwọn tó ń ra àwìn tẹ́lẹ̀ náà ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ bíi pé ilé náà ń jó. Oṣù márùn-ún ni iná kò fi wọ ààrò yẹn.

Ọjọ́ karùn-ún tí ìwé náà dé ọwọ́ rẹ̀ ni nọ́ọ̀sì wọ ṣọ́ọ̀bù wa, ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, Ìyá Oníbúrẹ́dì lẹ́yìn rẹ̀. Mo dúró ní ẹnu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn, mo ń fi kẹrosíìnì fọ tàdáwà kúrò lọ́wọ́.

“Ta ló to èyí?” nọ́ọ̀sì béèrè.

Bàbá gbà á. Kò wò ó. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló fi àtàǹpàkò pa, láti apá kan dé apá kejì. Ó wá yíjú sí ibi tí mo wà. Kò pẹ́, kò ju kí èèyàn mí lẹ́ẹ̀mejì lọ. Mo la ẹnu. Ẹ̀rí ọkàn mi ń wí pé sọ ọ́, sọ ọ́, Aláriwo, sọ ọ́. N kò rí ohùn.

“Èmi ni,” Bàbá ní.

“Ẹ̀yin?” Ìyá Oníbúrẹ́dì ló sọ̀rọ̀. “Ẹ̀yin, Bàbá Atẹ̀wé?”

“Èmi ni, Màmá. Ẹ forí jì mí.”

Obìnrin náà wo èmi náà. Mo bojú wo ilẹ̀, kẹrosíìnì ń kán tó tó tó láti ọwọ́ mi sórí ẹsẹ̀ mi. Wọ́n jáde.

Mo rò pé Bàbá máa bínú. Ì bá bínú ni ì bá sàn. Ó kàn fa dírọ́ọ̀ Àgbà yọ ni, ó fi okùn dì í lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó gbé e sí orí pẹpẹ tó ga jù. Ó gbé ọ̀bẹ búrẹ́dì kọ́ padà sára ìṣó. Kò bi mí ní ìbéèrè kankan, bẹ́ẹ̀ ni kò tún dárúkọ ọ̀rọ̀ náà mọ́. Ilé ìwòsàn gbé iṣẹ́ wọn lọ síbòmíràn. Ìyá Oníbúrẹ́dì kò gbé búrẹ́dì wá mọ́, wọn kò sì lọ forúkọ sílẹ̀ mọ́. Àwọn atẹ̀wé ẹgbẹ́ rẹ̀ ní bàbá ti darúgbó, pé ó ti ń fi lẹ́tà wúwo sórí bébà fẹ́lẹ́ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Mo gbọ́, mo sì bá wọn mi orí.

Ẹ bi mí pé kí ló dé tí mi ò sọ̀rọ̀. Mo ní kó di ọ̀la. Ọ̀la di ọ̀sẹ̀, ọ̀sẹ̀ di oṣù, nígbà tó sì di ọdún, ojú tó yẹ kó tì mí fún ìwé nìkan ti di ti ìwé àti ti ìdákẹ́ pọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo pe Bàbá tí mo ní mo fẹ́ sọ nǹkan. Ó fi gbogbo ara yíjú sí mi. Mo wá ní tàdáwà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ó ní ó dáa. Ohun tó burú jù ni aago mẹ́jọ àárọ̀. Lójoojúmọ́, fún ọdún mẹ́sàn-án, bí aago bá ti lù, Bàbá máa ń gbé orí sókè wo ẹnu ọ̀nà, á sì tún tẹ̀ ẹ́ ba. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè sọ pé mo lu aago náà fọ́ lọ́jọ́ kan. Mo kàn yọ bátìrì rẹ̀ ni, mo ní ó bàjẹ́. Ó ṣì ń gbé orí sókè ní aago mẹ́jọ.

Ní oṣù tó kọjá, ojú Bàbá ṣú tán. Ìmọ́lẹ̀ àti òjìji nìkan ló kù tó ń rí. Ó pè mí sídìí ẹ̀rọ.

“Gun orí àga,” ó ní, “gbé Àgbà wá fún mi.”

Ọwọ́ rẹ̀ ló fi tú okùn náà, ìdì kan, ìdì kejì, ìdì kẹta. Ó mú lẹ́tà kan, ó fi ìka pa ẹsẹ̀ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Ṣọ́ọ̀bù ti di tìẹ,” ó ní. “Lọ́la tí mo bá lọ gba oògùn ojú, to orúkọ ẹ, kó o lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn. Àgbà ni kó o lò. Ọwọ́ ẹ ti balẹ̀.”

Mo dúpẹ́. Ìtìjú tó bá mi lọ́jọ́ yẹn, mi ò mọ bí mo ṣe lè wọ̀n ọ́n fún yín. Ó dà bíi pé kí wọ́n gbé aṣọ olóògbé wọ ẹni tó pa á.

Lọ́jọ́ kejì, mo to lẹ́tà méjì àkọ́kọ́ orúkọ mi. Ọwọ́ mi kò lọ sí ìkẹta. Mo dúró níbẹ̀, mo ń wo àwọn lẹ́tà ẹlẹ́sẹ̀ náà, ohun tí Bàbá ti ń sọ tí mi ò gbọ́ mọ́ sì dún sí mi létí bíi pé ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi: ohun tó ò bá lè dúró tì lójú gbogbo ayé. Mo tú lẹ́tà méjì yẹn ká sí ojúlé wọn. Mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀tun.

ÈMI NI MO TO ÌWÉ ILÉ ÌWÒSÀN. BÀBÁ KÒ MỌWỌ́, KÒ MẸSẸ̀.

Ó pọ̀ fún Àgbà, mo mọ̀. Mi ò fi ẹ̀bẹ̀ kankan sí i. Àgbà kò mọ ẹ̀bẹ̀ í bẹ̀. Bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni mo gbé sábẹ́ ẹ̀rọ, mo sì tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn dáadáa. Mẹ́ta ni mo tẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, mo yí wọn wo ẹ̀yìn.

Ọ̀kan ni mo lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, níbi tí orúkọ mi ì bá wà. Mo gbé èkejì lọ sọ́dọ̀ Ìyá Oníbúrẹ́dì. Oníbàárà méjì wà níwájú kántà. Mo tẹ́ ìwé náà sáyà, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó kà á láti ìdí ààrò. Àwọn oníbàárà náà yíjú, wọ́n kà á, wọ́n sì wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Obìnrin kan nínú wọn pòṣé.

“Wọlé,” Ìyá Oníbúrẹ́dì ní. “Ò ń dí ọ̀nà.”

Ó dá àwọn oníbàárà lóhùn tán, wọ́n lọ. Ó wá nu ọwọ́.

“Mo mọ̀,” ó ní.

“Ẹ mọ̀, mà?”

“Ọkùnrin tó kọ̀ láti tẹ lẹ́tà yẹn sára bébà búrẹ́dì mi, òun lo rò pé ó máa lọ tẹ̀ ẹ́ sára ìwé àìsàn? Mo ti mọ̀ kí n tó dé ẹnu ọ̀nà yín lọ́jọ́ náà. Àfi tí mi ò bá lórí.”

“Ẹ̀yin mà, kí ló wá dé tí ẹ ò…”

“Mo padà lọ bá a lọ́jọ́ kejì, ìwọ ti lọ ra bébà. Mo ní, ‘Ẹ wo ojú mi, ṣé ẹ̀yin ni?’ Ó wo ojú mi, ó ní òun ni. Ẹni tó lè wo ojú mi purọ́ kó tó fẹ́ mi, kí ló máa ṣe tó bá fẹ́ mi tán? Mo ní kó jókòó ti irọ́ ẹ̀. Mo rò pé kò ní pẹ́ tó máa wá sọ òótọ́ fún mi. Kò wá. Ó gbé e pọ̀n bí ọmọ.” Ó wò mí. “Ìwọ wá ńkọ́? Búrẹ́dì mi lò ń jẹ láràárọ̀.”

Mo kúnlẹ̀.

“Dìde. Ìyẹ̀fun wà nílẹ̀, á ba aṣọ ẹ jẹ́.” Kò gbóhùn sókè, òun náà ti dà bíi Bàbá. “Wọ́n ní bírọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ á bá a. O ṣé, o ò jẹ́ ó pé ogún. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta ni mí nígbà yẹn. Ọdún mẹ́sàn-án. Ta ló máa dá a padà fún wa?”

Mo dìde, mo gbọn ìyẹ̀fun kúrò lórúnkún.

“Fún mi níwèé yẹn,” ó ní. Kò gbà á nígbà tí mo nà án sí i. Fèrèsé ló nawọ́ sí. “Lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, níbi tí ọ̀gá tíṣà gbé tèmi sí.”

Mo lẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo dé títì tí mo bojú wẹ̀yìn, mo kà á láti òdìkejì.

Bàbá ti dé nígbà tí mo padà dé ṣọ́ọ̀bù. Mo gbé ẹ̀kẹta lé e lórí ẹsẹ̀. Ó yí i dojú délẹ̀, ó fi ìka pa ẹ̀yìn rẹ̀. Lẹ́tà tó wú sẹ́yìn ìwé kì í dojú kọ ibi tó yẹ, ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi ogójì ọdún to lẹ́tà sẹ́yìn kò nílò ojú láti kà á. Ó ń lọ láti orí lẹ́tà kan sí èkejì. Nígbà tó dé “kò mọwọ́”, ìka rẹ̀ dúró. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè.

“Bébà fẹ́lẹ́ lo tún lò,” ó ní.

“Mo mọ̀ọ́mọ̀ ni, sà. Kí ẹ lè kà á.”

“Hùn.” Ó tún pa á. “Àyè tó wà lẹ́yìn ‘Bàbá’ ti pọ̀ jù.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.” Omijé ti gbà mí lójú. “Bàbá, kí ló dé tí ẹ gbà á sọ́rùn?”

Ó tẹ́ ìwé náà sórí itan.

“Mo rí i pé ẹ̀rù bà ọ́. Mo ní kí n gba ìṣẹ́jú kan fún ẹ, kọ́kàn ẹ balẹ̀. Mo rò pé kí kẹrosíìnì tó gbẹ lọ́wọ́ ẹ, wàá ti sọ̀rọ̀.”

Ó ká ìwé náà sí méjì, ó fi sápò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wà nídìí àpótí lẹ́tà nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí. Aago wa ṣì bàjẹ́ síbẹ̀, ṣùgbọ́n Bàbá ti gbé orí sókè. Òórùn búrẹ́dì ló kọ́kọ́ wọlé. Ìyá Oníbúrẹ́dì kọjá lára mi, ó gbé búrẹ́dì kalẹ̀ níwájú Bàbá, ó fa àga, ó jókòó.

“Ẹ káàárọ̀, bàbá onírọ́,” ó ní.

Bàbá fi ọwọ́ wá búrẹ́dì náà. “Ẹ káàárọ̀, Màmá.” Ó yíjú sí ibi tó mọ̀ pé mo wà. “Aláriwo, gbé ọ̀bẹ wá.”

Mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lára ìṣó, mo fọ eruku ọdún mẹ́sàn-án ara rẹ̀, mo nù ún gbẹ, mo gbé e fún un. Ó fi àtàǹpàkò wá àárín búrẹ́dì náà, kò kánjú. Ó gé e sí méjì. Ó na ìdajì kan sí Ìyá Oníbúrẹ́dì, ó mú ìdajì kejì, àwọn méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.

Mo dúró díẹ̀, nítorí pé mẹ́ta ló máa ń gé e sí. Nígbà tí mo rí i pé ó ti gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, mo padà sídìí àpótí lẹ́tà mi.